Ìbọn Ráífù Kan fún Gbogbo Ẹran Ńlá: Ẹnu Ìbọn Wo Ni Ká Yàn?

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ fún àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ìpàdé wọn. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín nítorí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí kò lè wá.)

 

Ìbéèrè tí ẹ ní kí n wá dáhùn rọrùn láti bi ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ gba ìrònú. Àwọn ọdẹ kan nínú yín fẹ́ yá owó ẹgbẹ́ láti fi ra ìbọn ráífù. Wọ́n ní agbára àwọn kò ká méjì tàbí mẹ́ta. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́, èyí tí yóò ká ìgalà, tí yóò ká ìmàdò, tí yóò sì ká ẹfọ̀n bí ó bá yọjú. Owó gbogbo wa ni owó ẹgbẹ́. Bí a bá fi ra ohun tí kò wúlò, àpò gbogbo wa ni yóò jò. Nítorí náà, kí ẹni tí kì í ṣe ọdẹ pàápàá tẹ́tí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí à ń pè ní ẹnu ìbọn. Ìbọn kátíríìjì tí ẹ mọ̀ máa ń tú ọta wẹ́wẹ́ jáde. Ráífù ní tirẹ̀, ọta kan ṣoṣo ni ó ń yìn. A gbẹ́ ìlà lílọ́ yípo sínú ọ̀pá rẹ̀, ìlà yìí ni ó ń mú kí ọta náà máa yí bí òòyì bí ó ti ń lọ, kí ó má baà yà kúrò lọ́nà. Bí ihò ọ̀pá náà ti fẹ̀ tó ni à ń pè ní ẹnu ìbọn. Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ń fi ínṣì wọ̀n ọ́n, àwọn ará Jámánì ń fi mìlímítà. Bí ẹ bá gbọ́ .375, ìdá 375 nínú ìdá 1,000 ínṣì kan ni. Bí ẹ bá gbọ́ 9.3, mìlímítà mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀ ni.

Àwọn baba wa ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbára lé tí wọ́n fi ń sọ pé bí ẹran bá ti tóbi tó ni kí ẹnu ìbọn fẹ̀ tó. Òtítọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọ́n ti dán an wò.

Ní 1909, Theodore Roosevelt, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, lọ ṣọdẹ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ó gbé ìbọn .30-06 dání, ó gbé .405 ti Winchester, ó sì gbé ìbọn ẹlẹ́nu méjì ńlá kan tí ilé iṣẹ́ Holland & Holland ti Lọ́ńdọ̀nù ṣe, fún àwọn ẹran tí ó tóbi jù. Ọlọ́rọ̀ ni, ó sì ní àwọn tí ń bá a ru ẹrù. Ẹni tí ó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò nílò ìmọ̀ràn mi.

Àwọn àgbẹ̀ ni kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní àkókò náà, àwọn àgbẹ̀ tí ń dáko ní àwọn ilẹ̀ tí Jámánì ń ṣàkóso ní Áfíríkà nílò ìbọn tí yóò ṣọ́ oko, tí yóò sì wá ẹran ọbẹ̀. Ìbọn ńlá ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ́n jù fún wọn. Ní 1905, alágbẹ̀dẹ ìbọn kan ní Berlin, Otto Bock, ṣe ọta tuntun kan tí a ń pè ní 9.3x62. Ọgbọ́n tí ó dá ni pé ó ṣe é kí ó bá ìbọn Mauser 98 mu, irú èyí tí àwọn ológun Jámánì ń lò, tí ó pọ̀, tí kò sì wọ́n. Ọta rẹ̀ wúwo tó gíráàmù 18.5. Wọ́n fi pa ẹtu, wọ́n fi pa ẹfọ̀n, wọ́n tilẹ̀ fi pa erin. Títí di òní, wọ́n ṣì ń ṣe ọta náà. Mo fẹ́ kí ẹ rántí èyí: àgbẹ̀ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni wọ́n ṣe é fún.

Ní 1912, ilé iṣẹ́ Holland & Holland gbé .375 Magnum tiwọn jáde. Èyí ni ọ̀pọ̀ ọdẹ àgbáyé ń tọ́ka sí bí a bá ní kí wọ́n mú ẹyọ kan. Ìdí rẹ̀ ni pé ọta rẹ̀ ju irú kan lọ. Èyí tí ó fúyẹ́, bíi gíráàmù 15 tàbí 17, wà fún ẹran bí ìgalà. Èyí tí ó wúwo, bíi gíráàmù 19, wà fún ẹfọ̀n. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà tí ó gba ọdẹ láàyè ni ó fi .375 ṣe èyí tí ó kéré jù tí ènìyàn lè gbé lọ bá ẹran tí ń pani. Àwọn mìíràn gba 9.3 pẹ̀lú.

Ẹnìkan lè wá bi mí pé, ọkùnrin ará Scotland nì ńkọ́, W. D. M. Bell, tí ó fi ìbọn 7mm kékeré pa erin? Òótọ́ ni. Erin tí Bell pa ju 1,000 lọ, ìbọn kékeré yẹn ni ó sì lò jù, tí ọta rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 11 lọ. Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣe? Ó la orí erin, ó wo ibi tí ọpọlọ wà gan-an láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, àti láti ẹ̀yìn. Ó sì ń lo ọta líle tí kì í fẹ́ nígbà tí ó bá kan egungun. Kí ẹnikẹ́ni má fi ti Bell sọ pé ìbọn kékeré tó fún ẹran ńlá. Ìmọ̀ rẹ̀ ni kí á kọ́. Ayé erin ìgbà náà sì ti kọjá. Ìwọ̀nba tí ó kù ní ilẹ̀ wa kì í ṣe ẹran ọdẹ mọ́.

Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, .30-06 tí àwọn ológun wọn gbà ní 1906 ni ọ̀pọ̀ ọdẹ fi ń pa ohun gbogbo. Ní Alaska, níbi tí béárì ńlá wà, ìmọ̀ràn ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣọ́ ẹranko igbó ni pé ìbọn náà tó. Wọ́n ní ẹ̀sùn tí àwọn tí ń ṣamọ̀nà ọdẹ ń fi sùn jù ni ti àwọn tí ń gbé ìbọn tí ó ju agbára wọn lọ wá. Ìbọn ńlá máa ń gbá ni léjìká. Gbígbá ti .375 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti .30-06, ti.458 Winchester tí ó jáde ní 1956 ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ìbọn rẹ̀ bá ń bà lẹ́rù yóò ti di ojú kí ó tó yìn ín, ọta rẹ̀ yóò sì bọ́ sí ikùn ẹran.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́. Ẹran tí ọta bà níkùn yóò sá wọgbó, yóò jẹ ìrora títí tí yóò fi kú, igún ni yóò sì jẹ ẹran náà. Bí ó bá jẹ́ ẹfọ̀n, ó lè lúgọ sí ẹ̀bá ipasẹ̀ ara rẹ̀ kí ó máa retí ẹni tí ń tọpa rẹ̀ bọ̀. Opó àti ọmọ aláìníbaba ni àṣìyìn bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀. Ọta kékeré tí ó wọ ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró, lẹ́yìn èjìká iwájú, sàn ju ọta ńlá tí ó bọ́ síbi tí kò yẹ lọ.

Ó wá kan òfin. Òfin Ìbọn ti 1959 kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ. Ó tún ka ráífù ológun tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 7.62mm, 9mm àti .300 ínṣì sí èèwọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé .30-06 tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń yìn, ẹnu .300 náà ni. Ohun tí ó dára ní Alaska lè sọ ènìyàn di ẹlẹ́wọ̀n níhìn-ín. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò.

Kí ni ìdáhùn mi, nígbà náà? Èkíní, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọdẹ nínú igbó dídí tí oko yí ká, ẹ má ra ráífù rárá. Ọta ráífù lè lọ ju máìlì méjì, ẹ kò sì mọ ẹni tí ń ṣẹ́gi lọ́hùn-ún. Ìbọn kátíríìjì ẹnu 12 tó fún ẹtu, ọ̀yà àti túùkú. Èkejì, ẹ̀yin ará ọ̀dàn, bí ó bá jẹ́ ìgalà àti ìmàdò nìkan ni ẹ ń bá pàdé, 7mm irú ti Bell tó, kì í sì í gbá ni púpọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́dọ̀ ní ẹyọ kan fún ohun gbogbo títí dé ẹfọ̀n, 9.3x62 ni mo yàn fún un ṣáájú .375, nítorí kò gbá ni tó o, ìbọn rẹ̀ sì lè má wọ́n tó o.

Ẹ̀kẹta ni ti ẹgbẹ́. Ìbọn tí kò ní ọta, ọ̀pá ìtilẹ̀ ni. Bí ọdẹ márùn-ún bá ra ẹnu ìbọn márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnìkan kò lè yá ẹnìkejì ní ọta. Bí wọ́n bá ra ẹnu kan náà, wọ́n lè jọ rà á pọ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò tí ó ní ìwé àṣẹ, kí olúkúlùkù sì gba ìwọ̀n tí ìwé tirẹ̀ fún un láyè. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Nítorí náà, mo bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n má yá ẹnikẹ́ni lówó ìbọn àfi bí ó bá fi ohun mẹ́ta hàn: ìwé àṣẹ ọlọ́pàá lọ́wọ́, ibi tí yóò ti máa rí ọta rà, àti ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àgbà ọdẹ kan tí ó ní ráífù pé ó lè yin ìbọn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀màrún ní 100 yáàdì kí gbogbo rẹ̀ bọ́ sínú àwo ìjẹun kan. Ẹni tí kò bá lè ṣe ẹ̀kẹta, kí ó lọ kọ́ ọ sí i. Ẹgbẹ́ yóò dúró dè é.