Ẹ Má Jẹ́ Kí Ìrora Lé Yín Kúrò Nídìí Ìtọ́jú

Ọ̀rọ̀ àwọn alárùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń gba ìtànṣán ní ọsibítù la gbé wá.

Ìtànṣán fúnra rẹ̀ kì í dunni lásìkò tí ẹ̀rọ bá ń tàn án. Ṣùgbọ́n aláìsàn gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ láìmira lórí tábìlì, ìrora kì í sì í jẹ́. Bí jẹjẹrẹ bá wà nínú eegun, ìrora tilẹ̀ lè le sí i fún ọjọ́ díẹ̀ kó tó rọlẹ̀. Ibẹ̀ lẹlòmíràn ti ń pa ìtọ́jú tì.

Láti 1986 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní aago ni kí a máa wò lo oògùn ìrora jẹjẹrẹ, kí a má dúró dìgbà tó bá dé. Àwa awakọ̀ ṣáà mọ̀ pé a kì í dúró kí ẹ́ńjìnì gan ká tó bu ọ́ìlì sí i. Mọ́fíìnì kì í ṣe àmì ikú. Bí a bá lò ó bí dókítà ti wí, kì í sábà di bárakú. Ó máa ń mú ìgbẹ́ le. Ẹ gba oògùn èyí pọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ yé dákẹ́. Ẹ sọ ibi tó ń dùn yín fún nọ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó gorí tábìlì.