Ibà, Kílò Ara àti Iye Hóró Oògùn

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ibà bá kọlù nílẹ̀ wa, ilé kẹ́míìsì ló kọ́kọ́ ń dé kó tó ronú kan ilé ìwòsàn. Níbẹ̀, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó a ní kí wọ́n gé díẹ̀ fún òun nínú oògùn tó yẹ kó rà. Ẹlòmíì a ra odindi páálí, ṣùgbọ́n bí orí tó ń fọ́ ọ bá ti rọlẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì ti gba oúnjẹ, a tọ́jú ìyókù de ibà tó ń bọ̀. Nígbà tí ibà bá padà dé, oògùn ni wọ́n ń dá lẹ́bi pé kì í ṣe gidi. Ayédèrú oògùn wà lóòótọ́. Àmọ́ ojúlówó tí iye rẹ̀ kò pé náà kì í ṣẹ́gun ibà.

Ẹ wo artemether-lumefantrine, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Coartem. Oògùn méjì ló wà nínú hóró kan: 20 mílígíráàmù artemether àti 120 mílígíráàmù lumefantrine. Artemether ló ń yára pa kòkòrò ibà lọ bẹẹrẹ, ṣùgbọ́n kì í ju wákàtí díẹ̀ lọ tó fi ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Lumefantrine ló ń dúró fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láti gbá àwọn tó ṣẹ́kù mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ara tó fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì kò sọ pé kòkòrò ti tán. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ń lo oògùn yìí: lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn wákàtí 8, lẹ́yìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méjì sí i. Fún ẹni tó bá wọn 35 kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, hóró 4 ni lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 24. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò, ṣùgbọ́n ní Táílándì, níbi tí kòkòrò ibà ti ya alágídí sí oògùn, ẹ̀ẹ̀mẹrin kò ká a.

Oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Lumefantrine kì í wọ ẹ̀jẹ̀ dáadáa láìsí ọ̀rá. Ẹ̀kọ mímu lásán, tí aláìsàn fẹ́ràn, kò tó. Kí mílíìkì wà nínú rẹ̀, tàbí kó fi àkàrà tì í.

Àìlo oògùn pé kì í ṣe tòní. Kí Nàìjíríà tó yí ìlànà ìtọ́jú ibà padà lọ́dún 2005, oògùn chloroquine ló gbòde. Ara yíyún tó ń fà mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn sá fún un kí iye rẹ̀ tó pé. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lateef Salako pẹ̀lú wọn, ṣe ìwádìí lórí ara yíyún ọ̀hún.

Àwọn ọmọdé ni ọ̀rọ̀ iye oògùn yìí kàn jù. "Ọmọ ọdún mélòó ni?" ni olóògùn máa ń bèèrè, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún 3 méjì lè wà, kí ọ̀kan wọn 12 kílò, kí èkejì wọn 16. Hóró Coartem 1 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló tọ́ sí àkọ́kọ́, 2 ló tọ́ sí èkejì. Kílò nìkan kọ́ sì ni. Ara ọmọ kékeré máa ń yára lé àwọn oògùn kan jáde ju ti àgbà lọ. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi fi kún ìwọ̀n piperaquine, oògùn ibà mìíràn, fún àwọn ọmọ tí kò tó 25 kílò lọ́dún 2015. Abẹ́rẹ́ artesunate ńkọ́? Mílígíráàmù 2.4 fún kílò kan ni ti àgbà. 3 ni ti ọmọ tí kò tó 20 kílò.

Ti ọmọ ọwọ́ tún yàtọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí oògùn ibà tí wọ́n fọwọ́ sí fún ọmọ tí kò tó 4.5 kílò bí kò ṣe kí wọ́n máa fojú díwọ̀n ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èyí tó lè pọ̀ jù fún un. Oṣù Keje 2025 ni Switzerland fọwọ́ sí Coartem Baby fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè 8 ní Áfíríkà tó bá Switzerland yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀yin olóògùn, ẹ gbé òṣùwọ̀n sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ kílò ọmọ yín. Bí ọmọ bá bì kí wákàtí kan tó pé lẹ́yìn tó lo oògùn, ẹ tún un fún un. Bí ara rẹ̀ bá ṣì ń gbóná lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ má ra páálí mìíràn.