Fèrèsé Ọlọ́gbọ́n àti Gbọ̀ngàn Wa
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpèjọ ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́

Mo mọ̀ pé ọbẹ̀ ti ń ta sánsán láti ẹ̀yìnkùlé, n kò ní pẹ́.

Ìgbìmọ̀ wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí fèrèsé. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni mo fi ń jẹun, ẹ sì mọ̀ pé lọ́sàn-án òní la fẹ́ dìbò lórí gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ wa: ṣé ká yọ àwọn fèrèsé onídígí pẹlẹbẹ tó ń ṣí tó ń pa, ká fi odindi dígí tí kì í ṣí rọ́pò wọn, ká wá gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí i?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ayé ń ṣe. Fèrèsé kan wà tí àwọn òyìnbó ń pè ní smart window. Èmi á pè é ní fèrèsé ọlọ́gbọ́n. Claes-Göran Granqvist, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Sweden, wà lára àwọn tó sọ orúkọ yìí di mímọ̀ ní àwọn ọdún 1980. Wọ́n á fi èròjà kan tó ń jẹ́ tungsten oxide tẹ́ ojú dígí, ó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Bí wọ́n bá rán iná díẹ̀ sí i, iná tí bátìrì tọ́ọ̀ṣì mélòó kan lè gbé, dígí á di búlúù, oòrùn tó ń wọlé á dínkù. Bí wọ́n bá yí iná náà padà, á tún mọ́ gaara. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ òfuurufú Boeing 787 ti rí ìbátan rẹ̀: bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀ kí fèrèsé tó ṣú.

Òmíràn kò nílò iná rárá. Vanadium dioxide ni wọ́n fi ń ṣe é. Bó bá gbóná tó nǹkan bí 68°C, á bẹ̀rẹ̀ sí í dá ooru oòrùn padà síta. Bí wọ́n bá po tungsten díẹ̀ mọ́ ọn, kò ní dúró dìgbà tó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ rántí pé bí ìdajì agbára tí oòrùn ń rán wá ni ojú wa kò lè rí. Dígí tó bá lè dá apá yẹn dúró, tó sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, bó bá sì bàjẹ́, kì í ṣe agedígí àdúgbò ló máa tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ní 2009, mo yàwòrán ọ́fíìsì kan n'Íbàdàn. Ẹni tó ni ín fẹ́ dígí látòkè délẹ̀, kó lè dà bíi ti òkè òkun. Mo mọ̀ pé ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí. Mo gbà, torí owó. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn òṣìṣẹ́ ti lẹ páálí mọ́ gbogbo dígí, wọ́n wá tan iná lọ́sàn-án gangan. Lọ́jọ́ tí dísẹ́ẹ̀lì bá tán, abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ojú tì mí. Dígí kò ṣẹ̀, èmi ni mo ṣẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé ooru tó bá ti kọjá dígí, ó ti wọlé nìyẹn. Òde la ti ń dá a dúró. Àwọn àgbà iṣẹ́ wa ti mọ èyí tipẹ́. Ẹ wo àwọn ilé àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí Maxwell Fry àti Jane Drew yàwòrán wọn: ògiri oníhò-hò dá oòrùn dúró, atẹ́gùn sì ń kọjá. Ẹ wo ti Ilé-Ifẹ̀, tí Arieh Sharon yà: níbẹ̀, àwọn ilé kan wà tí àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, tí ó ń fi òjìji bò ó. Kò gba iná kankan.

Gbọ̀ngàn wa náà ńkọ́? Àríwá àti gúúsù ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gígùn kọjú sí, òrùlé rẹ̀ sì yọ síta dáadáa. Olùkọ́ wa tí wọ́n kọ́ wa ní fíṣíìsì, tí wọ́n jókòó níwájú yìí, ló gbé agolo dúdú àti agolo funfun sójú oòrùn, tí wọ́n ní ká fọwọ́ kàn wọ́n wò. Inú gbọ̀ngàn yẹn la ti ṣe ìdánwò WAEC. Bí a bá làágùn, ẹ̀rù ìdánwò ni, kì í ṣe ooru!

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé: ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ dígí tó ti fọ́, ká ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ká ṣe ìbòòji sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn, ká gbin igi. Owó tó bá kù, ká fi ra ìwé àti irinṣẹ́ sáyẹ́ǹsì fún àwọn ọmọ. Bí fèrèsé ọlọ́gbọ́n bá dọ̀pọ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ pè mí, èmi náà á dá owó. Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ilé-ẹ̀kọ́ wa kò ní bàjẹ́. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun, ká tó wá dìbò.