Gègé Ìkọ̀wé Lọ́wọ́ Obìnrin

Ohun tí ojú obìnrin òǹkọ̀wé ti rí ni a fẹ́ bá yín sọ.

Ní 1962 ni Buchi Emecheta, ọmọ Ìgbò tí a bí sí Èkó, lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kọ ìwé ìtàn àkọ́kọ́ rẹ̀. Ọkọ dáná sun ún. Iná jó tákàdá, kò jó ọgbọ́n inú. Ó fi ọkọ sílẹ̀, òun nìkan tọ́ ọmọ márùn-ún, ó sì tún ìtàn náà kọ. The Bride Price ni, tí a tẹ̀ jáde ní 1976.

Obìnrin mélòó ni kò rí àyè tún tiwọn kọ? Òmìnira tí a gbà ní 1960, bí ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò wọ inú ilé wa, ààbọ̀ ni. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe gba gègé lọ́wọ́ aya yín.