Ẹ Má Tíì Ju Ráútà Yẹn Nù

Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wa

 

Ní ìpàdé tó kọjá, ìyá wa kan béèrè ohun tó dé tí Wáìfáì yàrá ìkàwé ẹgbẹ́ fi dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn dáadáa. Lónìí mo fẹ́ dá wọn lóhùn: Màmá, èmi ni mo pa á. Èmi náà ni mo sì jí i. Àmọ́ ohun tó gbé mi dé ìdí ẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù, torí ó kan owó wa, ó sì kan àwọn ọmọ wa.

Ráútà ni àpótí kékeré tó ní eríàlì yẹn, tó ń pín dátà fún fóònù àti laptop. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ni òun náà. Ó ní ọpọlọ, ó ní ibi ìpamọ́, ó sì ní sọ́fíwià tó ń darí ẹ̀. Sọ́fíwià inú ẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní firmware. Ráútà tí ẹ̀gbọ́n wa kan fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ ṣì lágbára, àmọ́ àwọn tó ṣe é ti ṣíwọ́ àtúnṣe firmware ẹ̀. Tí ihò bá wà lára ẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó máa dí i. Ẹ má fojú kékeré wò ó. Ní 2018, sọ́fíwià búburú kan tí wọ́n pè ní VPNFilter wọ inú irú ẹ̀rọ báyìí tó tó 500,000 káàkiri ayé. Yàrá ìkàwé wa sì rèé, ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń ṣètò JAMB, ibẹ̀ làwọn òbí ti ń ṣí áàpù báǹkì.

Ìṣòro kejì: tí ẹnì kan bá ti ń wa fíìmù, gbogbo àwọn tó kù á máa wo ara wọn. Firmware àtijọ́ yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan láìṣègbè.

Kí la lè ṣe? Ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún 2003. Ilé iṣẹ́ Linksys ń ta ráútà kan tó ń jẹ́ WRT54G. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Andrew Miklas kọ̀wé síta pé Linux ló wà nínú ẹ̀. Linux yìí, Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Finland ní 1991. Ìwé àṣẹ tó wà lórí ẹ̀, ìyẹn GPL, sọ pé ẹni tó bá fi í sínú ọjà tó ń tà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó rà á rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ìyẹn source code. Cisco, tó ra Linksys lọ́dún náà gan-an, wá gbé e síta. Ní 2004, àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí à ń pè ní OpenWrt. Lónìí, OpenWrt ń ṣiṣẹ́ lórí ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ráútà. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ má sì rò pé iṣẹ́ òyìnbó nìkan ni. Ní South Africa, Village Telco tí Steve Song dá sílẹ̀ ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó ń jẹ́ Mesh Potato, kí àwọn ará àdúgbò lè ní tẹlifóònù tiwọn. OpenWrt ló wà nínú ẹ̀. Ní Nàìjíríà níbí, ní Kafanchan, Ìpínlẹ̀ Kaduna, Fantsuam Foundation dá nẹ́tíwọ̀kì ZittNet sílẹ̀ fún àwọn tó wà láyìíká wọn. Tí Kafanchan bá lè ní nẹ́tíwọ̀kì tiẹ̀, kí ló fẹ́ dí Afijió lọ́wọ́?

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lórí ìkànnì OpenWrt, firmware tó ti jinná wà fún ọ̀pọ̀ ráútà. Ẹni tí ìyẹn bá tó, kó mú un, kó máa lọ. Èmi náà kọ́kọ́ gbé e sí tiwa, ó sì ṣiṣẹ́. Àmọ́ ibi ìpamọ́ ráútà wa ò ju 8 MB lọ. Mo fẹ́ fi dráífà módẹ́ẹ̀mù USB kún un, mo tún fẹ́ fi SQM kún un, èyí tó ń pín dátà bó ṣe yẹ. Àyè ò gbà wọ́n mọ́. Tí a bá compile gbogbo ẹ̀ pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, á fún wọn pọ̀ ṣinṣin, a sì lè yọ ohun tí a ò lò kúrò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ apá yìí dáadáa. Mo lo laptop mi, Ubuntu ló wà lórí ẹ̀. Ẹ wá àyè bíi 15 GB sílẹ̀. Orúkọ fódà ò gbọdọ̀ ní àlàfo nínú, ẹ má sì ṣe é gẹ́gẹ́ bíi root. `git clone` ló ń kó source code wálé. `./scripts/feeds update -a` àti `./scripts/feeds install -a` ló ń kó àwọn àfikún wá. Ó wá kan `make menuconfig`: ibẹ̀ la ti ń yan irú ráútà wa, àti ohun tí a fẹ́ kó wà nínú ẹ̀. Gbogbo ohun tí a bá yàn, inú fáìlì kan tó ń jẹ́ `.config` ló ń lọ. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá bá a. Lẹ́yìn ìyẹn, a kọ `make`, a jókòó.

A jókòó lóòótọ́ o. Ọpọlọ laptop àti ọpọlọ ráútà ò gbọ́ èdè kan náà. Nítorí náà, laptop máa kọ́kọ́ ṣe irinṣẹ́ tó máa lò, bí alágbẹ̀dẹ ṣe gbọ́dọ̀ ní ọmọ owú àti ẹ̀mú kó tó lè rọ ọkọ́. Ìyẹn gan-an ló ń gba àkókò. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀. Iná lọ lóru, bátìrì kú. Nígbà tí iná dé, mo tún kọ `make`, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ láti ibi tó dé dúró. Nígbà tó tún yarí, mo kọ `make -j1 V=s` kó lè sọ ohun tó ń ṣe é gan-an: àyè ti tán. Mo pa fíìmù mi rẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo rí firmware mi nínú fódà `bin/targets`. Mo pariwo débi pé ìyá mi sáré wọlé.

Ayọ̀ yẹn ló kó bá mi. Lábẹ́ ráútà, wọ́n máa ń kọ orúkọ àti vẹ́ṣọ̀n: v1, v2, v3. Orúkọ kan náà ni, àmọ́ ohun tó wà nínú wọn yàtọ̀. v2 ni tiwa, v1 ni mo yàn. Nígbà tí mo fẹ́ gbé e wọlé, ráútà kìlọ̀ fún mi pé fáìlì yìí kì í ṣe tòun. Mo ní kí ló mọ̀. Mo fipá gbé e wọlé. Iná orí ẹ̀ ṣẹ́jú díẹ̀, ó dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, mi ò sùn dáadáa. Ohun ìní ẹgbẹ́ ni mo bà jẹ́. Mo kà, mo béèrè, títí mo fi mọ̀ pé bí firmware bá tiẹ̀ kú, bootloader, ìyẹn apá kékeré tó ń jí ráútà dìde, lè ṣì wà láàyè. Lórí irú tiwa, tí a bá tẹ reset mọ́lẹ̀ bí a ṣe ń tan án, á máa wá fáìlì lórí kọ̀ǹpútà tí a fi wáyà so mọ́ ọn. TFTP ni wọ́n ń pe ọ̀nà yẹn. Àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ pé, orúkọ fáìlì gbọ́dọ̀ pé. Mo gbìyànjú títí, ìgbà kẹtàlá ló tó gbà. Mo wá tún compile, v2 lọ́tẹ̀ yìí, mo sì fi `sha256sum` yẹ fáìlì wò kí n tó gbé e wọlé.

Ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Kò sọ dátà di ọ̀fẹ́ o, a ṣì ń ra dátà. Àmọ́ ọmọ tó ń ṣe ìdánrawò JAMB kì í dúró de ẹni tó ń wa fíìmù mọ́.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù wá nìyí. Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n á máa rí ihò tuntun, OpenWrt á máa dí i, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa compile òmíràn. Bí mo bá di àgùnbánirọ̀ ní ọ̀nà jíjìn lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ráútà náà á tún di òkú, owó ẹgbẹ́ á tún jáde.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo bẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹ fún mi ní ọ̀dọ́ méjì, ọ̀kan láti Fìdítì, ọ̀kan láti Ìlọrà, kí ọ̀kan ó kéré tán jẹ́ obìnrin. Màá jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi ṣe é fúnra wọn, tí mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ìkejì, `.config` tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn yẹn, ẹni tó bá ní in lè tún irú firmware wa ṣe láìbẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Mo ti kó o sórí flash, mo sì kọ password sínú ápòòwé. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá wa tọ́jú méjèèjì. Ìkẹta, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn àti Èkó, ráútà tó ń jókòó lásán nílé yín, ẹ má tíì jù ú nù. Ẹ kọ orúkọ àti vẹ́ṣọ̀n abẹ́ ẹ̀ ránṣẹ́ sí wa ná. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló máa ṣeé lò. Àwọn tí ibi ìpamọ́ wọn jẹ́ 4 MB, OpenWrt tuntun ò gbà wọ́n mọ́. Àmọ́ èyí tó bá ṣeé lò, a ó fi sí ilé ẹ̀kọ́ tó bá nílò ẹ̀.

Màmá tó béèrè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ráútà náà rèé lórí tábìlì yìí. Tí ìpàdé bá parí, ẹ wá wò ó, ẹ gbé fóònù yín dání.