Bí Lọ́yà Bá Fi Ẹjọ́ Wa Ṣòfò

Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ ní kí a sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayọ̀, ṣùgbọ́n ilé tí kò mọ̀ ọ́n kò pọ̀: kí ẹbí dá owó jọ, kí wọ́n fi ìwé ilẹ̀ lé lọ́yà lọ́wọ́, kí ọdún mẹ́ta sì kọjá kí wọ́n tó gbọ́ pé a ti dá wọn lẹ́bi, nítorí tí kò sí ẹni tí ó dáhùn nígbà tí kóòtù pe ẹjọ́ wọn.

Láti ìgbà tí Christopher Sapara Williams ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ amòfin ní Èkó ní 1888 ni àwọn ènìyàn wa ti ń bu ọlá fún iṣẹ́ náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlá náà ti di ìbẹ̀rù lọ́kàn ọ̀pọ̀ wa. Baálé tí yóò bi bíríkìlà léèrè iye àpò sìmẹ́ńtì tí ó lò kò jẹ́ bi lọ́yà rẹ̀ léèrè ọjọ́ ìgbẹ́jọ́.

A kò wí pé gbogbo ẹjọ́ tí a bá pàdánù ni ẹ̀bi lọ́yà. Bí ẹ̀rí wa kò bá dúró, tàbí tí a purọ́ fún un, kí ni yóò ṣe? (Ìjòyè mẹ́ta láti agbolé kan a sì máa rán lọ́yà kan ní iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.) Ẹ̀ṣẹ̀ tí à ń wí ni kí ó má yọjú sí kóòtù, kí ó jẹ́ kí àkókò kọjá, tàbí kí ó ná owó tí ó gbà fún wa.

Àkókò ni kí a kọ́kọ́ dù. Nínú ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí gbèsè, ẹni tí Ilé-ẹjọ́ Gíga bá dá lẹ́bi ní oṣù mẹ́ta péré láti lọ sí Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Bí ó bá jẹ́ ìpinnu àárín ẹjọ́ ni, ọjọ́ 14. Nítorí náà kí a má fi oṣù méjì rán àgbà sí lọ́yà láti bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀tọ́ wa ni láti pààrọ̀ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ó san owó iṣẹ́ tí ó ti ṣe. Bí àkókò bá ti kọjá, lọ́yà tuntun lè bẹ kóòtù kí ó fi kún un. Àwọn adájọ́ ti wí lọ́pọ̀ ìgbà pé kò yẹ kí oníbàárà jìyà ẹ̀ṣẹ̀ lọ́yà rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: a ó fi ìbúra ṣàlàyé ohun tí ó dá wa dúró, a ó sì fi hàn pé ẹjọ́ náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ó ti gbọ́ tí ó sì tún sùn, yóò ṣòro fún un.

Ní ti lọ́yà fúnra rẹ̀, Òfin Àwọn Amòfin ti 1975 mọ ìgbìmọ̀ kan tí ń bá amòfin wí. Ó lè pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìwé orúkọ àwọn amòfin, ó lè dá a dúró fún ìgbà kan, ó sì lè pàṣẹ kí ó dá owó àti ìwé padà. Ní kíkọ ni a ń fi ẹ̀sùn hàn, pẹ̀lú rìsíìtì àti lẹ́tà. Kí a má retí pé ìgbìmọ̀ náà yóò yí ìdájọ́ ilẹ̀ padà. Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́.

Òfin kan náà wí pé amòfin tí a sanwó fún kò lè fi àdéhùn bọ́ lọ́wọ́ àdánù tí àìbìkítà rẹ̀ bá fà. A lè pè é lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ tàbí tí kò sọ níwájú adájọ́ nínú ìgbẹ́jọ́ kò sí lára èyí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Lẹ́tà tí kò kọ, ìwé tí kò fi sílẹ̀ ní àkókò: irú ìwọ̀nyí ni kí a gbé yẹ̀ wò. Kò sì lè pè wá lẹ́jọ́ nítorí owó iṣẹ́ títí oṣù kan yóò fi pé lẹ́yìn tí ó ti fi ìwé owó rẹ̀ lé wa lọ́wọ́. Láàárín oṣù náà a lè ní kí kóòtù yẹ owó náà wò.

Ohun tí a ń bẹ àwọn ẹbí wa kò nira. Kí wọ́n yan ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó mọ̀wé, kí ó mọ nọ́ńbà ẹjọ́ náà, kí ó máa lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù fúnra rẹ̀, kí ó sì kọ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ẹbí kí ó tó padà sílé.