Ìwé Ìnṣọ́ránsì Tírélà: Kí Ni A Rà, Kí Ni A Kò Rà?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Àpáta, Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kan ẹni tó ní tírélà kan ṣoṣo, ó kan dírẹ́bà rẹ̀, ó sì kan ọmọ ọkọ̀ tó ń fi òkúta dá táyà dúró. Ẹ̀yin tí ẹ kì í wa ọkọ̀, ẹ má sùn o. Ọkọ̀ yìí náà ló ń kó ẹrù tí ẹ ṣe ní ilé iṣẹ́ yín.

Láti ìgbà tí ibùdó epo NNPC ti wà ní Àpáta níbí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń jẹun lórí táyà. Bí ẹ bá bi ọ̀kan nínú wa pé, “Ǹjẹ́ ọkọ̀ rẹ ní ìnṣọ́ránsì?” yóò dáhùn pé, “Ó ní in dáadáa, ó wà pẹ̀lú àwọn ìwé ọkọ̀.” Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 tí àwọn ọlọ́pàá ti ń yẹ̀ ẹ́ wò káàkiri ilẹ̀ wa, ta ló fẹ́ jáde láìmú un lọ́wọ́? Ṣùgbọ́n ìwé tí a ń fi han ọlọ́pàá, ṣé a ti kà á rí?

Third party ni èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Ọdún 1945 ni wọ́n ti ṣe òfin tó sọ ọ́ di dandan, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1950. Nígbà náà, ẹni tí ọkọ̀ pa tàbí tó ṣe léṣe nìkan ni òfin náà rò. Òfin 2003 ló fi dúkìá ẹlòmíràn kún un, títí dé mílíọ̀nù kan náírà. Òfin tuntun ti 2025 sì ti rọ́pò èyí. Nínú gbogbo rẹ̀, ti ẹlòmíràn ni a ń sọ. Ọkọ̀ tìrẹ kò sí níbẹ̀. Ẹrù oníbàárà tí o gbé kò sí níbẹ̀. Dírẹ́bà rẹ pàápàá kò sí níbẹ̀.

Láti oṣù kìíní 2023, NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣe àkóso àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, sọ pé third party ọkọ̀ ńlá tó ń fi ẹrù ṣòwò di 100,000 náírà lọ́dún. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni ń san 15,000. Àwa kùn, a sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kùn. Òdiwọ̀n dúkìá ẹlòmíràn wá di mílíọ̀nù 5.

Ẹ jẹ́ kí a gbé mílíọ̀nù 5 yẹn wò. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, táńkà epo kan gbiná ní afárá Ọ̀tẹ́dọlá, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tí gbogbo wa ń gbà. Ó kéré tán, ènìyàn 9 kú. Ọkọ̀ 54 ló jóná. Ẹ yọ táńkà náà kúrò, ó ku 53. Bí a bá pín mílíọ̀nù kan tí òfin ìgbà náà sọ sí 53, kò tó 19,000 náírà fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi mílíọ̀nù 5 ti ìsinsìnyí pín in, ó lé díẹ̀ ní 94,000. A kò sọ pé bí wọ́n ṣe yanjú ti ọjọ́ yẹn nìyẹn o. Òdiwọ̀n ìwé ni a fi ń ṣírò, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí tó lọ sì yàtọ̀. Kí ni 94,000 fẹ́ tún ṣe lára mọ́tò tó ti di eérú? Ọ̀dọ̀ ẹni tó ni táńkà ni wọ́n máa wá béèrè ìyókù, táńkà tirẹ̀ náà sì ti jóná.

Èyí tó ń bo ọkọ̀ tìrẹ ni comprehensive. NAICOM sọ pé owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí náírà 5 nínú 100 iye ọkọ̀. Tírélà tó bá tó mílíọ̀nù 40, mílíọ̀nù 2 nìyẹn lọ́dún. Kò sì sí àwìn: láti 2013 ni NAICOM ti fi ọwọ́ líle mú un pé ẹni tí kò bá tíì sanwó kò ní ìnṣọ́ránsì. Ilé iṣẹ́ tó ní ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ lè jókòó ná ọjà pẹ̀lú wọn. Onítírélà kan ṣoṣo, ta ni yóò dá a lóhùn?

Nítorí náà ni a ṣe ń dá a lábàá pé kí àwọn onímọ́tò inú ẹ̀ka yìí máa dá èésú fún ìnṣọ́ránsì nìkan. Mílíọ̀nù 2 lọ́dún lé díẹ̀ ní 38,000 lọ́sẹ̀. Ó wúwo, àmọ́ ó ṣeé gbé ju kí a wá a lẹ́ẹ̀kan lọ. Bí ọkọ̀ bá pọ̀, kí alágbàtà kan bá wa sọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn pọ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá gbé e, kí ó béèrè iye tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ máa gbà láti gbé òdiwọ̀n dúkìá ẹlòmíràn sókè. Kí ẹ sì kọ iye tí ọkọ̀ yín tó lónìí, kì í ṣe iye tí ẹ rà á, torí wọn kò ní san ju ohun tí ẹ kọ lọ. Ẹni tó bá sì jẹ́ kí ọmọ ọkọ̀ tí kò ní láísẹ́ńsì di stíà mú lóru, ó ti fún wọn ní àwáwí láti má sanwó.

Ó ku dírẹ́bà àti ọmọ ọkọ̀. Òfin 2010 lórí owó ìtanràn òṣìṣẹ́ ló bo àwọn yìí. Agbanisíṣẹ́ ni yóò máa san náírà kan nínú 100 owó oṣù wọn fún NSITF, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó wọn. Bí òṣìṣẹ́ bá kú sẹ́nu iṣẹ́, tó fi opó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, náírà 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ ni yóò máa tọ̀ wọ́n lọ lóṣooṣù. Ẹni tó bá fara pa, kí ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ kí ọjọ́ 14 tó pé. Ẹ̀yin onímọ́tò tí ẹ ń sọ pé dírẹ́bà yín kì í ṣe òṣìṣẹ́, pé owó ìrìn àjò ni ẹ jọ ń pín, ẹgbẹ́ kò fara mọ́ ọn. Ọmọ ẹgbẹ́ ni yín, ọmọ ẹgbẹ́ ni òun náà.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ìwé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ rẹ̀ wá. Ayédèrú pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà. A ó tẹ *565*11# lórí fóònù, a ó fi nọ́ńbà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sí i, kí a rí èyí tó wà nínú ìwé àwọn oníìnṣọ́ránsì. Níbẹ̀ náà ni a ó ti yan ẹni mẹ́ta tí yóò máa gba owó èésú.